Ariwo Tó Bọ́ Sáàárín Oríkì Bàbá Mi

Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀lùbọ́ ni mo wà, ní àdúgbò wa ní Ṣakí, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara mi nínú fóònù ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ ń pariwo, ìyẹ̀fun ti sọ gbogbo wa di arúgbó lójijì, ọmọbìnrin tó ń bá wa da iṣu gbígbẹ sẹ́nu ẹ̀rọ sì so fóònù mọ́ ọrùn, orin ń jáde níbẹ̀. Mo dẹtí. Mo ní, "Ta ló ń kọrin yìí?" Ọmọ náà ò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, Mà? Gbogbo ayé ló ní i." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé abọ́ ẹ̀lùbọ́ mi síbẹ̀, àfi ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí, mo tún padà lọ gbé e.

Olórin wákà ni mí. Mi ò sí lára àwọn tí wọ́n ń lẹ àwòrán wọn mọ́ ara ògiri o. Èmi àti àwọn elégbè mi, obìnrin mẹ́rin tí ẹnu wọn dùn tí ẹjọ́ wọn sì pọ̀, la jọ ń lọ síbi wòlímọ̀, síbi ìsọmọlórúkọ, síbi tí wọ́n bá ti ń kí ẹni tó ti Mẹ́kà dé káàbọ̀, láti Ṣakí dé Irawo, láti Komu dé Òkèhò. Orin kan ṣoṣo ni mo tíì gbà sílẹ̀ ní sítúdíò láyé mi. Òun náà ló ń jáde nínú fóònù ọmọ yẹn.

Màámi ló ní kí n gba orin náà sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu àti ọkà bàbà ló gbìn títí ó fi kú. Kò joyè, kò kọ́ mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹni tó máa kì í lórí rédíò. Lẹ́yìn fídáù rẹ̀, nígbà tí àlejò ti lọ tán, Màámi pè mí jókòó. Ó ní, "Orin lo mọ̀ ọ́n kọ. Ki bàbá rẹ síbi tí àwọn èèyàn á ti máa gbọ́ ọ, kí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n náà lè máa kì í. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, mi ò fẹ́ aṣọ." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń ní kí n bá òun bu iyọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti ń rò ó bọ̀ tipẹ́.

Mo lọ sí Ìsẹ́yìn, sí sítúdíò kan tó wà lókè ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì. A ní láti dúró kí àwọn ahunṣọ lọ jẹun ọ̀sán kí ìró òfì wọn má baà wọ inú orin. Bí wọ́n ṣe lọ la bẹ̀rẹ̀. Ní àárín orin náà, mo ní kí ìlù dákẹ́, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dákẹ́, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo wá ki bàbá mi:

"Bàbá mi, a-kọbè-bí-ọ̀gán,
Ẹni tí ebè rẹ̀ ga tí àlejò fi mọ̀nà oko.
Ó wa iṣu tán, ó yọ ti aládùúgbò sọ́tọ̀
Kó tó yọ ti ilé ara rẹ̀."

Ó ṣì gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kì í jẹ́ẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí, nítorí bí mo bá gbé ohùn sókè níbẹ̀, ẹkún ló máa jáde.

Bí orin náà ṣe dórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò mọ̀ títí dòní. Ẹni tó bá a níbẹ̀ ni mo mọ̀. Ọkùnrin kan wà nílùú wa tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Bí o bá fẹ́ orin, bí o bá fẹ́ wáàsí, bí o bá fẹ́ fíìmù, wàá gbé káàdì fóònù rẹ fún un, á kì í bọ kọ̀ǹpútà, á dà á kún un bí ẹni ń da ọkà sápò. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń kó gbogbo rẹ̀, kò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Kò sẹ́ni tó kà á sí olè. Bí a bá ń kọjá, a máa ń kí i kú iṣẹ́.

Àwọn awakọ̀ gba orin mi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e rìn dé gbogbo Òkè-Ògùn, wọ́n gbé e kọjá ẹnubodè lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tó ń pè mí síbi ayẹyẹ wá pọ̀ sí i. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Mo tiẹ̀ ra bàtà tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ló lọ gba orin náà sórí fóònù tirẹ̀, ó gbé e wá fún mi pé kí n gbọ́ ara mi. Orin ń lọ geere. Ìlù dákẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dákẹ́, mo fi etí sílẹ̀ láti gbọ́ oríkì bàbá mi. Ohùn ọkùnrin kan ló bú jáde níbẹ̀:

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà rèé o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì! Ẹ gbé káàdì wá, ẹ gbé orin lọ!"

Ó ké e, ó tún un ké, ó sì fi ẹ̀rín sí i nídìí. Nígbà tó fi máa panu dé, oríkì ti tán, ìlù ti wọlé padà. Ọmọ mi ṣàlàyé fún mi pé gbogbo orin tó bá gbé jáde ló máa ń fi ìkéde yẹn sí, kí ṣọ́ọ̀bù kejì má baà jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi.

Wòlímọ̀ kan ní Komu ló jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Wọ́n ti ta kánópì, àwọn ọmọ tó parí Kùránì wà nínú aṣọ funfun, àlùfáà jókòó níwájú. Mo gbé orin náà, gbogbo wọn ń gbè é, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo dé ibi oríkì, mo na ọwọ́ kí ìlù dákẹ́. Kí n tó la ẹnu, gbogbo agbo ti bú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà rèé o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì!" Àwọn ìyá arúgbó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kéú wà níbẹ̀. Àlùfáà pàápàá ń mi orí, ó ń sọ "Ẹ gbé káàdì wá" sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n rò pé ara orin ni. Wọ́n rò pé bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Mo yíjú sí àwọn elégbè mi, mo bá wọn tí wọ́n ti fi ìborùn bo ẹnu, tí èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo fo oríkì náà, mo bọ́ sí orin mìíràn.

"Ṣé wọ́n ki bàbá rẹ?" Màámi bi mí nígbà tí mo délé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ibi ayẹyẹ dé ló máa ń bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ki èèyàn kan," mo ní.

Etí Màámi ò dá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kò sì ní fóònù tó ń kọrin, nítorí náà kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n fi orin náà ṣe. Mi ò lè sọ ọ́ fún un. Ohun tó ń dùn mí kò ju ẹyọ kan yẹn lọ: ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ, mo sì fẹ́ kó gbọ́ oríkì ọkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ìta bó ṣe bẹ̀ mí, kí òun náà tó lọ. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà sì ti jókòó lé e lórí.

Àsìkò yẹn gan-an ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìjọba fẹ́ fòpin sí kíkó orin, fíìmù àti ìwé oníwèé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ. Wọ́n ní àwọn ti ń dínà àwọn ìkànnì tó ń pín in kiri, àwọn á sì máa lọ láti ìlú dé ìlú. A fi ṣẹ̀fẹ̀ ní Ṣakí. Àwọn kan ní kí ìjọba kọ́kọ́ fún wa ní iná tí a ó fi gbọ́ orin tí wọn ò fẹ́ kí a jí. Àmọ́ wọ́n dé lóòótọ́, nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni ọ̀gá wọn. Wọ́n pe gbogbo wa sí gbọ̀ngán ìlú.

Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yọ̀. Ó ní ẹni tó kọ orin ló ni orin, bí ẹni tó kọ ebè ṣe ni ebè, ẹni tó bá fẹ́ mú nínú rẹ̀, kó lọ tọrọ àṣẹ. Gbogbo gbọ̀ngán ní òótọ́ ni. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, tó dé fìlà tuntun, tó jókòó síwájú pátápátá, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n wá sọ.

Ìgbà tí ìbéèrè dé ni iṣẹ́ dé. Télọ̀ kan dìde, ó ní bí òun bá rí sítáì lára obìnrin kan níbi ayẹyẹ, tí òun délé tí òun rán an, ṣé wọ́n á mú òun? Ahunṣọ kan tó ti Ìsẹ́yìn wá ní ọnà tí òun ń hun, bàbá bàbá òun ló ń hun ún, ta ni kí òun lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kí òun lọ sí itẹ́ òkú ni? Bàbá àgbàlagbà kan ní kí wọ́n la òun lóye: bí òun bá ń kọrin nínú oko òun, tí ẹni tó wà lóko kejì bá ń gbè é, ṣé olè ni onítọ̀hún? Obìnrin náà yọ awò, ó nu ojú, ó ní, "Rárá o, Bàbá, ẹni tó ń gbè kì í ṣe olè." Bàbá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà mí fún gbogbo àwọn ará ọ̀nà oko wa." A rẹ́rìn-ín, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ẹnì kan wà láàárín wa tí wọ́n ti kó iṣẹ́ rẹ̀ láìgbàṣẹ. Mo ti wà lórí ìdúró kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo sọ tẹnu mi, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Wọ́n ní kó má kúrò nílùú, pé àwọn á wá mú un lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó lọ jẹ́jọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Bí wọ́n ṣe kó ẹrù náà sínú bọ́ọ̀sì tán, dírẹ́bà tí wọ́n háyà ṣíná ọkọ̀, rédíò tan fúnra rẹ̀, ohùn mi bú jáde níbẹ̀. Ìlù dákẹ́, gbogbo èèyàn tó dúró síbẹ̀ sì gbọ́ ọ ketekete: "Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà rèé o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì!" Dírẹ́bà fi ìkánjú pa á, ó ní fílàáṣì ìyàwó òun ni. Ọ̀gá wọn yíjú sí ọ̀nà ibòmíràn, ṣùgbọ́n mo rí i tó fi eyín di ètè mú kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ohun tí àwọn tó wá láti Ìbàdàn ò mọ̀ nípa wa ni pé bí ìjọba bá mú èèyàn níhìn-ín, kì í ṣe lọ́yà ni a kọ́kọ́ ń wá. Àwọn ẹlẹ́bẹ̀ là ń wá. Ẹbí ẹni tó ṣẹ̀ máa to àwọn àgbà jọ, wọ́n á gbé iṣu, wọ́n á lọ ká ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ mọ́lé kó tó jáde láàárọ̀. Lójú wọn, ìjọba kàn ń bá mi gbé ẹjọ́ mi kiri ni. Bí mo bá ti ní mo ti dárí jì í, ìjọba á gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀, á sì máa lọ sílé rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ mi gbá iṣu. Wọ́n kún iwájú ilé wa: ìyàwó Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, alága gáréèjì, ìmáàmù àdúgbò, àti ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin, ẹni tó ti dàgbà débi pé ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e wá, tí ẹnì kan sì dì í mú lẹ́yìn. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja, fìlà tuntun rẹ̀ wà nínú yẹ̀pẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ foríjì mí," ó ní láti ilẹ̀. "Mo rò pé mò ń bá yín polówó ni."

"Polówó ta ni? Orúkọ ta ni mo gbọ́ níbẹ̀?"

"Tèmi ni, Mà. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti gbọ́ tiyín díẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, alága gáréèjì sì yí ojú dà sí i.

"Oríkì bàbá mi lo gùn lórí," mo ní. "Nínú gbogbo orin tó gùn tó yẹn, ibẹ̀ lojú rẹ rí."

Ó gbé orí sókè. Mo rí i pé ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. "Oríkì kẹ̀? Ìlù dákẹ́, ohùn yín lọ sílẹ̀, mo ní ẹ ń sinmi ni. Mo ní ká má jẹ́ kí àyè yẹn ṣòfò."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí ni tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Mo yàn láti pariwo. Mo pariwo débi pé àwọn aládùúgbò jáde, gbogbo àwọn ẹlẹ́bẹ̀ ń sọ pé kí n fọwọ́ wọ́nú, ìmáàmù ń sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn àwọn onísùúrù. Ariwo mi ló gbé Màámi jáde láti inú ilé, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà láàárín àwọn iṣu.

"Kí ló ṣe oríkì?" ó bèèrè.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí Màámi ò gbọ́ ọ dáadáa, ó ní láti ké ìkéde náà sí i létí láti orí ìdọ̀bálẹ̀, tòun ti ẹ̀rín tó fi parí rẹ̀. Mo ń wo ojú Màámi, mo rò pé ó máa sunkún.

"Ohùn rẹ mà lọ sókè o," ó ní. "Ṣé àwọn tó ti gbà á pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀, Màmá. Wọn ò níye."

"Àwọn tó kó ẹ̀rọ rẹ lọ yìí, ṣé wọ́n máa yọ ariwo yẹn kúrò nínú fóònù gbogbo wọn?"

"Wọn ò lè yọ ọ́, Màmá."

"Ta ló wá lè yọ ọ́?"

Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, mi ò rò ó débẹ̀ rí. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n fi í pamọ́ síbẹ̀, bàbá mi á ṣì wà lábẹ́ ariwo rẹ̀ ní gbogbo ìlú.

"Dìde," Màámi sọ fún un. "Ìwọ lo fi sí i, ìwọ lo máa yọ ọ́."

Ibẹ̀ la wà tí bọ́ọ̀sì ìjọba dé. Obìnrin ọ̀gá náà bọ́ sílẹ̀, ó wo iṣu, ó wo ìmáàmù, ó wo mí. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, òfin ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀." Ẹ̀gbọ́n Màámi ní, "Ọmọ mi, jókòó ná." Ó ní àwọn ń kánjú. Bàbá tún ní, "Jókòó ná." Ó jókòó. Wọ́n bu omi fún un, wọ́n gbé iṣu sísun àti epo síwájú rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń bèèrè irú iṣu wo nìyẹn.

Nígbà tó jẹun tán ló wá là á yé wa. Ó ní orin àwọn ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ìdáríjì mi ò kàn án, wọ́n máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n á sì fún un ní ìkìlọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n orin tèmi, èmi ni mo láṣẹ lórí rẹ̀. "Bí ẹ bá ní kó máa pín in, á máa pín in. Bí ẹ bá ní bí ẹ ṣe fẹ́ kó pín in, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pín in. Bí ẹ bá ní kó dáwọ́ dúró, á dáwọ́ dúró. Ohun tí òfin náà ń sọ gan-an nìyẹn." Ìmáàmù ní ṣé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní gbọ̀ngán lánàá nìyẹn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìmáàmù ní wọn ì bá ti kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó máa pín in, ṣùgbọ́n kó yọ ara rẹ̀ kúrò, kó sì tọ gbogbo àwọn tó ti gbà á lọ, kó pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dá kọ̀ǹpútà kan padà fún un láti fi ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n ní èyí tó kù di ìgbà tó bá ṣe é tán. Obìnrin náà kìlọ̀ fún un pé bí àwọn bá tún wá lẹ́ẹ̀kejì, iṣu ò ní sí nínú rẹ̀. Àmọ́ wọ́n kó méjì nínú iṣu ọjọ́ yẹn lọ, alága gáréèjì ló fi í sẹ́yìn bọ́ọ̀sì fún wọn.

Bí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ṣe di ẹni tó ń tọ ọjà kiri nìyẹn. Á gbé kọ̀ǹpútà sí àyà lórí ọ̀kadà, á ta agboòrùn sí ẹnu ọjà, á máa ké pé, "Ẹ gbé káàdì wá, ẹ wá yọ mí kúrò nínú rẹ̀!" Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, irú ìpolówó wo nìyẹn? Àwọn èèyàn ò dá a lóhùn. Wọ́n ti mọ orin náà bó ṣe wà, wọn ò sì rí ohun tó ṣe é.

Ìyá kan tó ń ta irú ní Òkèhò ló ṣe èyí tó burú jù fún un. Ó gbọ́ orin tuntun náà dé ìdajì, ó yọ káàdì rẹ̀ padà. "Èyí kì í ṣe ojúlówó," ó ní. "Kò sí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà níbẹ̀."

"Ìyá, èmi gan-an ni Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà."

"Irọ́ ni. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà tòótọ́ ò ní yọ ara rẹ̀ kúrò nínú orin."

Ó wá bá mi nílé, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, ó ní wọ́n ń pe òun ní ayédèrú ara òun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo sinmi tán, mo rí i pé àfi kí n bá a lọ. Lọ́jọ́ ọjà Òkèhò tó tẹ̀lé e, mo dúró níwájú ìyá onírú yẹn, mo ní èmi ni mo kọ orin náà. Ó ní bó bá jẹ́ pé èmi ni, kí n kọ ọ́ kí òun gbọ́. Mo kọ ọ́ láàárín òórùn irú, láìsí ìlù, láìsí elégbè. Nígbà tí mo dé ibi oríkì, ó gbé ọwọ́ kúrò nínú igbá irú.

"Èyí ló wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá?" ó ní.

"Òun ló wà níbẹ̀, Mà."

Ó kọjú sí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. "Ìwọ ọmọ yìí, o mà ṣèkà o." Ó na káàdì rẹ̀ sí i, ó sì pe gbogbo àwọn onírú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé tiwọn wá.

Láti ìgbà náà la ti jọ ń lọ. Mo máa ń kọrin lábẹ́ agboòrùn, á máa pààrọ̀ orin nínú káàdì, àwọn elégbè mi náà sì ń tẹ̀lé wa nígbà mìíràn nítorí wọn ò fẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ kankan kọjá wọn. Òun àti èmi ń jà lójú ọ̀nà, a tún ń parí rẹ̀ ká tó dé ọjà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí obìnrin ọ̀gá yẹn, ó ní kí n wá bá wọn sọ ọ́ lórí rédíò. Wọ́n kọ ohun tí mo máa sọ fún mi, ọ̀rọ̀ ńláńlá ni gbogbo rẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Mo kàn sọ pé bí o bá fẹ́ràn orin kan, bi ẹni tó ni ín léèrè kó o tó mú un, nítorí o kò mọ ohun tó fi síbẹ̀. Wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n pè mí síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Irawo. Màámi ní òun ń bá mi lọ, kò sì sí ohun tí mo lè sọ tó máa yí i lọ́kàn padà. Wọ́n gbé àga fún un síwájú, lábẹ́ dóńgóyárò. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. Ó ti ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ síbi ayẹyẹ báyìí, àwọn tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ ló sì pè é.

Mo gbé orin náà. Mo dé ibi oríkì. Ìlù dákẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dákẹ́. Ọmọ kan ní ẹ̀yìn ké "Ọ̀gá…", ìyá rẹ̀ sì bò ó lẹ́nu. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Bàbá mi, a-kọbè-bí-ọ̀gán." Àwọn ará Irawo, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fojú kan bàbá mi rí láyé, gbà á lẹ́nu mi: "Ẹni tí ebè rẹ̀ ga tí àlejò fi mọ̀nà oko." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ débi pé etí Màámi gbé e. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí, orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́kàn mi.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ pe ìlù wọlé nígbà tí Màámi dìde lórí àga. Ó gbé ara lé ọ̀pá rẹ̀, ó sì ń ki ọkọ rẹ̀ lọ láti ibi tí mo dá a dúró sí. Mi ò gbọ́ èyí rí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ki àgbẹ̀ lóko. Èyí tí ọmọge kan fi ń ki ọkọ rẹ̀ ní ìyẹ̀wù nígbà tí ilé wọn ṣì jẹ́ tuntun ni. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí rẹ̀ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn lápá, lẹ́yìn náà mo rí ọ̀kan nínú wọn tó ń fi ìborùn nu ojú. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mi ò mọ èwo ni mò ń ṣe.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà sáré wá láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ti wà lórí ibi tó máa tẹ̀. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Màámi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbà á sílẹ̀?"

Màámi wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Rárá o," ó ní. "Tèmi nìyẹn."

"Ó dáa, Mà." Ó ti fóònù bọ àpò, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gbọ́ èyí tó kù. Oríkì Màámi yẹn ò sí nínú káàdì ẹnikẹ́ni ní gbogbo Òkè-Ògùn. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìtàn yìí, mo bi Màámi léèrè bóyá kí n fi àwọn ìlà náà sí i. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ ohun tí òun sọ ní Irawo ni.